Kí ẹ tó dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi, ẹ wo fọ́ǹtì bráúsà yín

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Nígbà kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ fi oríkì ìdílé wọn ránṣẹ́ sí mi lórí íméèlì kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ṣí i, àpótí kéékèèké ni mo rí láàárín ọ̀rọ̀. Níbi tí kò sí àpótí, àmì ohùn ti yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, ó lọ gorí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé bàbá ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Odindi òru kan ni mo fi yọ gbogbo àmì yẹn kúrò.

Nígbà tí wọ́n wá gba ìwé wọn, wọ́n fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan: igba. "Ọmọ mi, èwo nìyí? Ṣé ìgbà ni, àbí igbá, àbí igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ?" Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà nìyí. Ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n ń tò léra, fọ́ǹtì, ìyẹn àkójọ ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, ló sì ń pinnu ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí ni ẹ̀yin náà máa rí.

Mo wa Noto Sans, fọ́ǹtì kan tó mọ iṣẹ́ yìí, sórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀fẹ́ ni. Charis SIL àti Gentium náà dára. Mo pa Chrome, ìyẹn bráúsà tí mo fi ń wo íméèlì, mo tún un ṣí. Nínú Chrome, mo wọ Settings, Appearance, Customize fonts, mo yí Standard, Serif àti Sans-serif padà. Mo tún sọ ìwọ̀n lẹ́tà di 20 láti 16 tí wọ́n fi síbẹ̀, nítorí ojú mi. Síbẹ̀, íméèlì bàbá kò yí padà! Ojú ewé tó bá ti yan fọ́ǹtì tirẹ̀ kì í gbọ́ ti Chrome.

Firefox, bráúsà mìíràn, ló gbà mí. Ẹ wọ Settings, General, Fonts, lẹ́yìn náà Advanced. Ẹ yan fọ́ǹtì yín, kí ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú "Allow pages to choose their own fonts". Àwọn àwòrán kéékèèké lórí àwọn ojú ewé kan lè dàrú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn. Ní ti Chrome orí fóònù Android, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa tóbi tó nìkan lẹ lè yí.

Mo ránṣẹ́ sí bàbá, mo sì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wọ awò wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé wọn sókè, wọn ò sì dánu dúró títí wọ́n fi ki í tán.