Ariwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bá Wí, Kì Í Ṣe Ọ̀dà

Bí wọ́n bá ní kí ayàwòrán ilé ya ilé tó máa rọ àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lónírúurú ọ̀nà lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ṣeé tún kùn. Magda Mostafa, ọmọ Íjíbítì tó gbé ìlànà ASPECTSS kalẹ̀ fún ilé àwọn tó ní ọ́tísíìmù (autism), ohùn ló fi ṣíwájú, ó sì tọ̀nà.

Ẹ mú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan: mítà 8 ní gígùn, 7 ní ìbú, 3 ní gíga. Kúbíìkì mítà 168 nìyẹn. BB93, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ohùn nínú ilé ìwé, kò fẹ́ kí ohùn pẹ́ ju 0.4 ìṣẹ́jú àáyá lọ kó tó rọlẹ̀, bó bá jẹ́ yàrá àwọn ọmọ tí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ń nira fún. Ẹ fi 0.161, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣírò bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó nínú yàrá, sọ 168 di púpọ̀, kí ẹ fi 0.4 pín in: ó ń lọ sí 68. Iye mítà onígun mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ máa fa ohùn mu nìyẹn. Àjà kò ju 56 lọ. Bó bá ń fa ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, 50 péré la rí. Ògiri ló máa gbé ìyókù. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á fi ògiri méjì tó kọjú síra sílẹ̀ lásán, ohùn á sì máa ta láti ọ̀kan sí èkejì. Orí ògiri méjì tó pàdé ní igun ni kí ẹ pín pátákó tó ń fa ohùn mu sí, kó wà ní gíga orí ẹni tó jókòó.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló yẹ kó dákẹ́ o. Ẹlòmíràn ò lè ronú láìrìn: ẹ ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí po fún un, tí kò já sí ògiri.

Iná fúlórẹ́sẹ́ǹtì àtijọ́ ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz, ó sì ń fọ́ àwọn kan lórí. LED olówó pọ́ọ́kú náà ń ṣe é, pàápàá bí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ ní slow motion. Bó bá ń ṣú tó ń mọ́lẹ̀, ẹ má rà á.

Ó ku yàrá kékeré tí ẹni tí nǹkan bá sú lè sá sí. Kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí síta, kó má bàa há bí ẹnì kan bá jókòó tì í, kó sì ṣeé fi kọ́kọ́rọ́ ṣí látìta. Kó má bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ẹ̀rọ aláriwo tó ń fẹ́ ọwọ́ gbẹ pín ògiri. Ẹ má kan pẹpẹ kankan sínú rẹ̀: páálí ìwé ló máa kọ́kọ́ wọlé, àga tó ti kán á tẹ̀ lé e, yàrá á sì di ibi ìkẹ́rùsí.