Àpá Tí Kò Mọ Ààlà

Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ àpá ló gbà mí lọ́kàn lónìí. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti pa dé, a máa ń rò pé ó ti tán. Abẹ́ awọ ṣì ń tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́lájẹ̀nì, èròjà bí okùn tó ń mú awọ lágbára, ni ara fi ń dí ibi tó ya. Bó bá ń kó o jọ ju bó ṣe ń tú u ká lọ, àpá á ga.

Oríṣi méjì ni àpá tó ga. Ọ̀kan kì í kọjá ojú ọgbẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ló sábà ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá níbi tí awọ ti ń fà, tàbí níbi tí iná jó tí kò jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 3. Púpọ̀ nínú wọn máa ń rọlẹ̀ fúnra wọn.

Kílọ́ìdì ni èkejì. Ẹ wo ti etí: wọ́n lu etí, ó jinná, oṣù mélòó kan kọjá, kókó kékeré kan yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń dán, ó le bíi rọ́bà, ó ń yún, ó sì ń tàn kọjá ihò tí wọ́n lu. Kì í padà sẹ́yìn. Ó tún máa ń yọ láyà, léjìká àti ní párí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìrorẹ́ tàbí abẹ ti kàn. Ó ń rìn nínú ìran, ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Bó bá wà nínú ẹbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ pé ọdún 11 kẹ́ ẹ tó lu etí rẹ̀. Bí kò bá sì pọn dandan, ẹ fi etí náà sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni kí ẹni tó ní kílọ́ìdì máa sọ pé "ẹ sáà bá mi gé e." Gígé náà, ọgbẹ́ tuntun ni! Bí wọ́n bá gé e lásán, ó sábà máa ń hù padà, nígbà míì ó ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó ń mú kókó náà rọlẹ̀, ni dókítà awọ sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mílílítà kan, ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra wọn. Inú kókó gan-an ló gbọ́dọ̀ wọ̀; bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ ibẹ̀ á funfun, á sì fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá máa gé e náà, abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, tàbí yẹtí tó ń fún ibẹ̀ pọ̀.

Ọgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ńkọ́? Ẹ lẹ silíkónì, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó rọ̀ bíi rọ́bà, mọ́ ọn fún wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù 3. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ tó ṣì ń ṣomi.