Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ náà ná: ohun tí òru Ọjọ́bọ̀ kan kọ́ mi

Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé kọ́kọ́rọ́ sáfà mi sí gbangba. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin: ọ̀rọ̀ àṣírí ni, bíi pásíwọ̀ọ̀dù, tí kóòdù fi ń wọlé sí sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí di ìsinsìnyí, bí ímeèlì bá dún lórí fóònù mi, àyà mi á já. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù fún oníbàárà láti ilé, tí ẹ ń fi ínfátà àti dátà fóònù ṣiṣẹ́ òru, ẹ mọ irú alẹ́ tí mo fẹ́ sọ.

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn níbí, ínfátà sì ti ń ké. Aago 8 àárọ̀ ni oníbàárà fẹ́ rí iṣẹ́. VS Code tí mo fi ń kọ kóòdù wà níwájú mi, Skyfall ń lọ lọ́wọ́ lórí fóònù tí mo gbé ti ògiri. Fíìmù amí ni mo fi máa ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, torí orin máa ń kùn mí lóorun.

Mo fẹ́ dán ibi tí kóòdù mi ti ń bá sáfà sọ̀rọ̀ wò. Fáìlì .env, ibi tí a máa ń fi irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sí, kò gbọ́ tèmi lálẹ́ yẹn, ni mo bá lẹ kọ́kọ́rọ́ sáfà mọ́ inú kóòdù gan-an, mo ní n óò yọ ọ́ tó bá yá. Irinṣẹ́ AI tó máa ń bá mi parí ìlà rí i níbẹ̀, ó dá a kọ sí fáìlì kejì, èmi náà sì tẹ Tab. Ìyàwó mi pè láti yàrá, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ní sùn ni?" Mo lọ sí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù: mo tẹ git add pẹ̀lú àmì tó ń kó gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, mo commit (mo fi í sínú ìtàn náà), mo push (mo fi ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì). Gbangba ni repo yẹn, ìyẹn àpótí kóòdù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa béèrè ìdí tí kò fi wà ní ìkọ̀kọ̀: oníbàárà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Àárín òru ni ímeèlì wọlé pé wọ́n rí kọ́kọ́rọ́ mi ní gbangba. Bí mo ṣe ṣí ojú ìwé sáfà, mo rí ẹ̀rọ tí n kò dá sílẹ̀: mẹ́rin ní Frankfurt, mẹ́fà ní São Paulo, òmíràn ní Tokyo, gbogbo wọn jẹ́ èyí tó tóbi jù, wọ́n ń fi wọ́n wa owó kírípítò. Owó tó wà níbẹ̀ ti kọjá dọ́là 600. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè tẹ pásíwọ̀ọ̀dù mi dáadáa.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo sáré lọ pa ìlà yẹn rẹ́ nínú kóòdù, mo tún push. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Git kì í gbàgbé. Láti ọdún 2005 tí Linus Torvalds ti ṣe é fún iṣẹ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ohun tó wà fún náà nìyẹn: kó pa gbogbo ìgbésẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ pa rẹ́ lónìí ṣì wà nínú commit àná, ẹnikẹ́ni tó bá wo ìtàn repo náà á rí i. Ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe ń fi git filter-repo fọ ìtàn mọ́. N kò lò ó rí. Dátà ń fà. Mo kà á, mo ṣì í ṣe, mo tún un ṣe, òógùn bò mí, fíìmù sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ìtàn náà mọ́ tán, mo mí kanlẹ̀, mo padà sí ojú ìwé sáfà. Dọ́là 1,870. Ẹ̀rọ ti di mọ́kànlélógún.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní London. Mo ń rojọ́, mo ń ṣàlàyé filter-repo fún un. Ó ní, "Dákẹ́ ná. Ṣé o ti pa kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

N kò lè dáhùn. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ímeèlì ti dé, n kò fọwọ́ kàn án.

A pa á láàárín ìṣẹ́jú kan. A wá àwọn ẹ̀rọ yẹn láti ìlú dé ìlú, a pa wọ́n, a tún yọ orúkọ kan tí olè náà ti dá sílẹ̀ sínú àkáǹtì kó lè rí ọ̀nà padà wọlé. Ilé iṣẹ́ sáfà yọ apá tó pọ̀ nínú owó náà lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí wọn. Iṣẹ́ oníbàárà yẹn bọ́. Ó tán.

Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn, ẹ rántí èyí: ẹ pa kọ́kọ́rọ́ náà ná. Ẹ fagi lé e nínú àkáǹtì, kí ẹ gba tuntun. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá bọ́ lápò yín lọ́jà, tí ẹnìkan ti mú un, ṣé ibi tó bọ́ sí lẹ máa gbá ni àbí ẹ máa pààrọ̀ àgádágodo? Ọjà ni mo ń gbá fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má gbà pé ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Rọ́bọ́ọ̀tì ló ń ṣọ́ àwọn repo gbangba tọ̀sán-tòru.

Àwọn amí mọ èyí ṣáájú wa. Ní oṣù August 1914, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Magdeburg há mọ́ ilẹ̀ nínú Òkun Baltic. Àwọn ará Rọ́ṣíà kó ìwé kóòdù inú rẹ̀, èyí tí Jámánì fi ń kọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan. Jámánì ò tètè pààrọ̀ kóòdù yẹn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń ka ọ̀rọ̀ wọn lọ. Bí mo bá ń ka ìtàn yẹn tẹ́lẹ̀, ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn ológun lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Àwọn tó kù nìyí. Ẹ má máa fi git add kó gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan. Git add -p á fi àwọn àyípadà inú fáìlì hàn yín ní apá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà wọ́n. Bí .env bá ti wọ Git, kíkọ ọ́ sínú .gitignore, àkọsílẹ̀ àwọn fáìlì tí Git kò ní kó, lẹ́yìn náà kò yọ ọ́, ẹ ní láti ṣe git rm --cached. Ẹ fi gitleaks, irinṣẹ́ tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú kóòdù, ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí commit tó wọlé. Kọ́kọ́rọ́ tèmi lágbára lórí gbogbo àkáǹtì, bẹ́ẹ̀ ibi ìkófáìlìsí kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yẹn nílò. N kò bá AI jà, mo ṣì ń lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mo ń ka ìlà kí n tó tẹ Tab. Bí gbogbo èyí bá sì kùnà, ẹ pa kọ́kọ́rọ́ náà ná.

Lálẹ́ àná ni mo tó padà sí Skyfall. Ó dé ibi tí Q, onímọ̀ ẹ̀rọ àwọn amí, ti so láptọ́ọ̀pù Silva, ọ̀tá wọn, mọ́ ẹ̀rọ MI6, ilé iṣẹ́ amí Gẹ̀ẹ́sì, tí ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra wọn. Mo dá fíìmù dúró, mo lọ wo àwọn kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àkáǹtì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ti lé lọ́dún méjì, n kò rántí iṣẹ́ tí mo gbà á fún. Mo pa á.