Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Tẹ̀lé Amọ̀nà Káàkiri Gánà

Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ sì gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ múra sí jù ni igbó Kakum nítòsí Cape Coast, níbi tí wọ́n ti so afárá olókùn méje, tí gbogbo wọn gùn tó 350 mítà, mọ́ àwọn igi ńlá. Pákó tóóró ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀, àwọ̀n wà lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni iwájú bá sì ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni afárá ń mì. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín, ẹ di okùn mú, ẹ má sì sáré. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí èrò tó pọ̀.

Ní ilé odi Elmina, tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa rẹ́rìn-ín ya fọ́tò nínú yàrá tí wọ́n há àwọn ẹrú mọ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò tó ti Amẹ́ríkà wá ń ṣọ̀fọ̀ àwọn baba ńlá wọn níbẹ̀ ni.

Ẹ ṣẹ́ owó sídì sọ́wọ́ fún omi àti ẹ̀bùn amọ̀nà, kí ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún fún un, nítorí ìwọ̀sí ni ọwọ́ òsì lọ́dọ̀ tiwọn náà.