Àgbo gìrì

Ibà ni gbogbo wa kọ́kọ́ rò. Àsìkò òjò nìyí, ara ọmọ gbóná janjan, ojú rẹ̀ yí sókè, ọwọ́ àtẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, torí àwọn kan ṣì ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí gìrì lè fi í sílẹ̀. Kò jóná. Àmọ́ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wá iṣan, òórùn ewé tábà àti aáyù gbá mi nímú.

"Màmá, kí lẹ fún un mu kẹ́ ẹ tó máa bọ̀?"

Ìyá ọmọ wolẹ̀. Ìyá àgbà ló fèsì: "Omi lásán ni, nọ́ọ̀sì." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àti àgbo gìrì. Ṣíbí méjì péré."

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ò mú nọ́ńbà kankan wá. "Lo" ló kọ: ṣúgà ara ọmọ ti lọ sílẹ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ lè kà lọ. A fún un ní omi ṣúgà 10% lójú iṣan, mílílítà 5 fún kílò kọ̀ọ̀kan, a sì tún ń wọ̀n ọ́n, torí ó lè já wálẹ̀ padà.

Láti ṣe àgbo gìrì, ìtọ̀ màlúù ni wọ́n ń rẹ ewé tábà, efinrin, aáyù, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Àwọn olùwádìí méjì, Elegbe àti Oyebola, ti fún ajá ní ìtọ̀ màlúù wò, wọ́n sì tẹ ohun tó ṣe sí ọkàn àti mímí wọn jáde ní 1977. Àgbo yìí ń já ṣúgà wálẹ̀, ó ń dín mímí kù, ó sì ń fa gìrì gan-an tí wọ́n torí ẹ̀ pò ó. Ní wọ́ọ̀dù wa, a ò ní ayẹ̀wò kankan tó máa sọ pé òun ni. Ẹnu ẹni tó fún ọmọ mu la ń wò.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi nígbà tí dókítà kan ń jágbe mọ́ ìyá àgbà. Àwọn ìyá mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́. Ta ló máa jẹ́wọ́ lọ́la?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí ọmọ ti ń mu ògì, ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọmọ mi, bó bá tún dé lóru tí kò sí mọ́tò ńkọ́?"

Mo ní kó dá ọmọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kó má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kó sì wá gbogbo ọ̀nà tí yóò fi gbé e wá.

"Ṣíbí ńkọ́, kó má baà gé ahọ́n jẹ?"

"Ẹ má ki ṣíbí náà bọ̀ ọ́, Màmá."

Ó ní ó dáa. Mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́ tán.