Yangí Òṣogbo àti òkúta ẹfun Las Cruces

Bí èèyàn bá dé Òṣogbo, Igbó Ọ̀ṣun ni gbogbo ayé máa ń darí rẹ̀ sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi ní tèmi, ẹnu kànga ni mo kọ́kọ́ lọ jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ilé sí ọ̀nà Ìbòkun, wọ́n sì ti gba bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga kí iṣẹ́ lè parí kí òjò tó dé. Las Cruces ni mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, nítòsí ààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mo ń ṣe níbẹ̀, nínú pápá gbígbẹ tí màlúù ti ń jẹko. Ẹni tó bá ń jẹun nídìí erùpẹ̀ kì í rí ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kó má yọjú wò ó.

Àní kí n tó wọ ìlú ni ojú mi ti ń wá a. Láti Gbọ̀ngán gba Òde-Òmu wọ Òṣogbo, ibikíbi tí katakata bá ti gé òkè láti la ọ̀nà, ikùn ilẹ̀ hàn síta kedere: erùpẹ̀ dúdú díẹ̀ lókè, ìpele pupa tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà amọ̀ tó ní àbàwọ́n pupa, ìyeyè àti funfun. Mo na ọrùn sí fèrèsé ọkọ̀ títí obìnrin tó jókòó tì mí fi béèrè bóyá ẹrù mi ló já bọ́.

Bàbá ti gbẹ́ ihò náà dé àyà nígbà tí mo dé. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn láìwòkè, dígà wọn ń dún kò, kò, kò lára yangí. Ọmọ iṣẹ́ wọn ń fi pánù gbé òkúta jáde. Mo ṣa díẹ̀ sọ́wọ́. Òmíràn ò ju ọmọ àgbàdo lọ, òmíràn tó ẹ̀yin àparò, gbogbo wọn rí róbótó, àwọ̀ wọn dà bíi ti irin tó ti dógùn-ún. Láàárín wọn ni òkúta funfun tó mú lẹ́nu wà, èyí tó máa ń dán yinrin bí oòrùn bá tàn sí i. Mo fi òòlù fọ́ yangí kan: inú rẹ̀ dúdú rúsúrúsú, etí rẹ̀ pọ́n. Bàbá ní, "Ìwọ̀nyí ló ń gba agbára lọ́wọ́ èèyàn. Tá a bá ti kọjá wọn, ìsinmi dé." Òótọ́ ni. Abẹ́ yangí ni àpáta tó ti jẹrà wà, tó rọ̀ débi pé ọkọ́ ń wọ̀ ọ́, síbẹ̀ tí ìlà ara àpáta náà ṣì hàn lára rẹ̀.

Òjò ló ṣe gbogbo èyí. Òṣogbo ń rí òjò tó ju 1,200 mílímítà lọ lọ́dún, àpáta abẹ́ rẹ̀ sì ti gbó láti ayébáyé. Omi ń wọ ilẹ̀, ó ń yọ́ àwọn èròjà bíi kálísíọ̀mù, èyí tó wà nínú ẹfun, ó ń gbé wọn lọ sódò. Irin ò bá a lọ ní tirẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ń tutù tó tún ń gbẹ, irin á kó ara jọ, á le, á di yangí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀, Smyth àti Montgomery, tẹ ìwádìí wọn lórí ilẹ̀ agbègbè wa yìí jáde lọ́dún 1962, ìlú Ìwó tó múlé gbe wá ni wọ́n fi sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Bàbá gòkè wá mu omi. Wọ́n bi mí bóyá yangí wà lọ́hùn-ún. Mo ní òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju tibí lọ, ṣùgbọ́n funfun ni. Mi ò lè mú ọ̀kan wá fún wọn, torí òfin ò fẹ́ kí èèyàn máa di erùpẹ̀ sínú báàgì rìnrìn-àjò káàkiri. Fídíò inú fóònù mi ni mo fi hàn wọ́n.

Lójú ilẹ̀ Las Cruces, òkúta tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fún mọ́ra, torí atẹ́gùn àti ọ̀gbàrá ti kó lẹ́búlẹ́bú tó wà láàárín rẹ̀ lọ. Ẹ yí òkúta kan padà, ẹ máa rí i pé abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, nígbà tí òkè rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ẹ gbẹ́ sí i, ẹ máa kan ìpele funfun tó le gan-an, tí wọ́n ń pè ní caliche. Òjò ibẹ̀ ò ju nǹkan bí i 250 mílímítà lọ lọ́dún. Atẹ́gùn ń gbé eruku ẹlẹ́fun wá, òjò kékeré náà ń yọ́ ọ wọlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ò lágbára láti gbé e jìnnà. Gbòǹgbò á fa omi, oòrùn á fa ìyókù, ẹfun á dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá a níbi tí àpáta rẹ̀ kì í ṣe òkúta ẹfun rárá.

Lọ́dún 1957 ni onímọ̀ ilẹ̀ kan, Leland Gile, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ilẹ̀ àyíká Las Cruces yìí. Wọ́n pín ìdàgbàsókè ẹfun náà sí ipele 4. Ní àkọ́kọ́, ó kàn lẹ̀ mọ́ òkúta fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ní èkejì, ó bo òkúta yíká. Ní ẹ̀kẹta, ó dí gbogbo àlàfo. Ní ẹ̀kẹrin, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ìpele tó ti dí náà, omi ò ní ibi gbà mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló ń gbà. Báyìí, òkúta wẹ́wẹ́ méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n àpọ̀jù òjò ló ṣe ti Òṣogbo, àìtó òjò ló ṣe ti ọ̀hún.

Mo ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá fínígà, torí ó máa ń hó lórí ohun tó bá ní ẹfun nínú. Mo kán an sórí yangí, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo wá kán an sórí ìkarahun ìgbín tí wọ́n dà sí ẹ̀yìn ilé, ó hó, ìfófòó wẹ́wẹ́ sì bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta inú fídíò mi ṣe hó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ní òun á lọ dán an wò lára àwọn ère Igbó Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n mi jágbe mọ́ ọn! Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ò kúkú sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Sìmẹ́ǹtì wà nínú púpọ̀ nínú ère tí Àdùnní Olórìṣà àti Adébísí Àkànjí ṣe síbẹ̀, òkúta ẹfun, irú ti Ẹwékorò, ni wọ́n sì fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó máa hó. Ìdí gan-an tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dán an wò nìyẹn. UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005.

Ní ti ohun ọ̀gbìn, ilẹ̀ Òṣogbo kan díẹ̀. Ti Las Cruces fì sí ọ̀dọ̀ omi eérú tí àwọn aláró Òṣogbo ń lò nínú ìkòkò wọn. Irin wà nínú ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ò rí i fà: ewé á máa di ìyeyè, iṣan rẹ̀ nìkan ló máa kù ní àwọ̀ ewé tútù. Àwọn tó ń gbin pecan, igi eléso kan, níbẹ̀ máa ń fọ́n èròjà zinc sára ewé, torí bí wọ́n bá dà á sílẹ̀, ẹfun á dè é mọ́lẹ̀. Phosphorus, èròjà kan tí ohun ọ̀gbìn ń fẹ́, ló wá pa mí lẹ́rìn-ín. Níbí, irin ló ń dì í mú; lọ́hùn-ún, ẹfun ló ń dì í mú. Àgbẹ̀ apá méjèèjì ló ń ra ajílẹ̀.

Bàbá béèrè nípa màlúù. Mo sọ fún wọn pé ẹyọ kan ń fẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù lọ kó tó yó, torí koríko ti dín kù, igi wẹ́wẹ́ tí màlúù kì í fẹ́ jẹ, creosote, ló gba ilẹ̀. Ibùdó ìwádìí Jornada, nítòsí Las Cruces, ti ń ṣọ́ àyípadà yẹn láti 1912. Ẹ̀gbọ́n mi ò wò wá mọ́ ní tiwọn. Yangí tó jáde ni wọ́n ń ní kí wọ́n kó síwájú ilé, kí ọkọ̀ má baà rì nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń da caliche sójú ọ̀nà ní New Mexico.

Bí ẹ bá fẹ́ rí yangí dáadáa, ẹ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀.

Bàbá tún wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Mo ní ẹ̀rọ ni, tàbí ọ̀pá irin, kódà fún ihò tí wọn ò fẹ́ ju kí wọ́n gbin igi sí lọ. Wọ́n mi orí. Iye fíìtì ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, yangí sì lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. "Fún funfun yìí," ni wọ́n wí, "ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n sì san án kí n tó sọ̀ kalẹ̀." Ni wọ́n bá di okùn mú, wọ́n padà sínú ihò.