Ìgbóná adìẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí adìẹ sísìn n'Íbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ lápá Mọníyà, Lálúpọn àti Olódò, níbi tí omi ti máa ń dá rogún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Nínú gbogbo àrùn tó ń bá adìẹ jà, n kò tíì rí èyí tí wọ́n ń náwó òfò lé lórí tó ìgbóná adìẹ, tí àwa olóko ń pè ní fọ́ọ̀lù pọ́ọ̀sì.

Kókó wẹ́wẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ rí lórí ogbe, lẹ́bàá ojú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Yóò dúdú, yóò gbẹ, yóò di èépá. Èyí kì í sábà pa adìẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin á dínkù, tó bá sì bo ojú, adìẹ ò ní rí oúnjẹ ṣá. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ti inú ẹnu àti ọ̀fun: nǹkan kan á ṣù jọ síbẹ̀ bíi wàrà, á dí ọ̀nà èémí, adìẹ á máa ya ẹnu kó lè mí. Irú èyí ló ń pa wọ́n.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń da àńtíbáyọ́tíìkì somi adìẹ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Oògùn yẹn lè wúlò bí kòkòrò mìíràn bá wọ ojú egbò, àmọ́ kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri jù. Lẹ́yìn ẹ̀fọn, èépá tó já bọ́ sílẹ̀ ni: fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ da omi inú táyà àti agolo nù, ẹ la gọ́tà, ẹ gbá ilẹ̀ ilé adìẹ, kí ẹ sì sun ohun tí ẹ bá gbá jọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọ adìẹ bá ti pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la máa ń gún un fún un. Kì í ṣe oògùn tí à ń pò sómi bíi Lasota tàbí Gumboro, àwọn àjẹsára adìẹ mìíràn, o! Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ń tì bọ inú oògùn, wọn á na apá adìẹ, wọn á ya ìyẹ́ sọ́tọ̀, wọn á sì gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ apá ní àgúnyọ, láì kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun. Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí wà. Ọ̀nà jìn, nítorí náà ẹ rí i dájú pé inú yìnyín ló wà títí dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn kàn án. Èyí tí wọ́n bá ti pò, kíá ni kí wọ́n gún un tán.

Màmá kan tó ti wà nídìí adìẹ kí n tó débẹ̀ ló sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, bí wọ́n bá gún un tán, iṣẹ́ ò tíì tán o. Padà lọ wo abẹ́ apá.” Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ó yẹ kí kókó kékeré kan tàbí èépá yọ lójú ibi tí wọ́n gún. Ẹ mú díẹ̀ nínú wọn wò. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá dán láìní àpá, abẹ́rẹ́ náà kò jẹ́, ẹ tún un gún.

Bí àrùn bá ti wọlé ńkọ́? Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ gún èyí tí ara wọn ṣì dá, kí ẹ sì ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ á kó o. Rárá o, ìgbóná adìẹ kì í ran ènìyàn, ṣìkìnpọ́ọ̀sì tó ń ṣe ọmọdé kò sì ti ara adìẹ wá.

Ẹran ńlá náà ní irú àrùn báyìí tiwọn. Èyí tó ń sọ awọ màlúù di kókó-kókó ti wà ní Nàìjíríà láti 1974, eṣinṣin tó ń buni jẹ wà lára ohun tó ń gbé e kiri. Ẹni tó bá ra màlúù ní káràa Akínyẹlé, kó so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó dà á pọ̀ mọ́ ti ilé. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń yọ egbò sí ètè, ìyẹn lè ran ọwọ́ ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu wọn.